"Mọ́" Tí Wọ́n Yọ Lára Páálí Ìyá Ẹ̀bùn

Lẹ́tà méjì ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí gbogbo ẹni tí mo bá ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún ló máa ń wò mí bí ẹni tó ń wá ìjà kiri. "Anti Bọ́lá, lórí lẹ́tà méjì?" Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí lẹ́tà méjì, pẹ̀lú àmì kan lókè àti àmì kan nísàlẹ̀. Òkúta inú ìrẹsì kì í tóbi kó tó kán èèyàn léyín.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni páálí náà dé. Mo wà nílé Ìyá Ẹ̀bùn ní Ugborikoko, ní Warri, lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ àtíbàbà páànù tí ààrò rẹ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ já ìdì páálí sílẹ̀ lẹ́nu géètì, a gbé e wọlé, a fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé okùn rẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó mú ọ̀kan, ó nà án síwájú bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tuntun bóyá ó jọ baba rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ atẹ̀wé náà: àwọ̀ rẹ̀ dára. Àwọ̀ èèpo àgbọn àti funfun inú rẹ̀ tí mo yàn jáde bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ìyá Ẹ̀bùn la ẹnu, ó kà á díẹ̀díẹ̀.

"Ó... dùn... mí."

Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Bọ́lá, ta ló dùn?"

Orúkọ òwò náà ni Ó Dùn Mọ́ Mi. Ohun tó wà lára páálí ni O DUN MI, gbàgàdà, láìsí àmì kankan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé. Ohun tó dùn mọ́ni, ẹ̀rín ló ń mú wá; ohun tó dunni, omijé ni. Obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì alágbọn tó dáa jù ní gbogbo agbègbè yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sára oúnjẹ rẹ̀ pé ìrora ló wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ iṣẹ́ mi kí n tó máa bá ẹjọ́ mi lọ. Mo kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo gbé ọkọ mi láti Èkó wá sí Warri, mo gbé kọ̀ǹpútà mi tẹ̀lé e. Iṣẹ́ mi ni kí n fún òwò lójú, kí n fún un lórúkọ, kí n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ lórí ayélujára tí àwọn èèyàn yóò fi dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún. Lógò kàn jẹ́ ara rẹ̀ ni, bí imú ṣe jẹ́ ara ojú. Ṣùgbọ́n ní Effurun níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri, àwọn èèyàn a wọlé tọ̀ mí wá, wọn kò ní jókòó, wọn a ní, "Aunty, do me one logo, I dey wait," bí ẹni tó fẹ́ ṣe fótókọ́pì. Ẹlòmíràn a ní ṣebí fóònù ló ń ṣe é. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ṣebí ìkòkò náà ló ń se ọbẹ̀.

Ìyá Ẹ̀bùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlàjẹ ni, wọ́n bí i sí etí omi níhìn-ín, inú òwò ẹja ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ yà sí ọ̀nà búrẹ́dì. Ìlàjẹ ló ń bá mi sọ, èmi ń fi Ìjẹ̀bú dá a lóhùn, a sì ń gbọ́ra wa yé. Níhìn-ín, mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ ké sí mi, orúkọ òwò rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan tí ojú rere Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Ẹ rìn láti òpin Jakpa Road kan dé ìkejì, ẹ ó rí orúkọ yẹn lára ṣọ́ọ̀bù onírun, ti oníbátìrì àti ti ẹlẹ́ja dídì. Ojú rere náà kárí gbogbo wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n dá ẹnì kankan mọ̀.

Ó tún ní ojú ewé kan lórí ayélujára, ìyẹn ló burú jù. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sharp-Sharp ló ṣí i fún un, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Jakpa Road, tó sì ń jọ́sìn ní ìjọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀, ó jí wọn gbé láti ìlú òyìnbó ni: kéèkì alájà tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èso pupa tí kò hù nílẹ̀ wa lórí rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ló kọ síbẹ̀, kì í ṣe ti ìyá náà. Oníbàárà kan sì bínú dé ẹnu géètì Ìyá Ẹ̀bùn, ó gbé fóònù sókè, ó ní kéèkì yìí ni òun fẹ́, ẹ̀yin ẹ ń gbé búrẹ́dì alágbọn fún òun. Ó pè é ní olè. Obìnrin tí kì í fi kọ̀bọ̀ ẹlòmíràn pamọ́, wọ́n pè é ní olè lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀ nítorí kéèkì tí kò fojú rí rí.

Mo pa ojú ewé yẹn rẹ́. Kí n tó ya ohunkóhun, mo lọ jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ láàárọ̀, mo ń wò ó. Bí iṣẹ́ mi ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń ya lógò fún ẹni tí kò mọ̀, ojú ẹlòmíràn ló ń yà fún un. Mo wò ó bó ṣe ń fọ́ àgbọn, bó ṣe ń rin ín, bó ṣe ń po ìyẹ̀fun títí tí igbá á fi máa pariwo. Ohun kan ló wá gbà mí lọ́kàn. Bí búrẹ́dì bá ti jáde nínú ààrò, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bu ẹyọ kan, yóò jẹ ẹ́ ní ìdúró, ní dídijú. Bó bá dára, yóò ní, "Ó dùn mọ́ mi." Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ yóò tó máa kó o sínú ọ̀rá. Bí kò bá sọ ọ́, búrẹ́dì náà kì í jáde ní géètì. Ilé ló ń jẹ ẹ́, ọjọ́ náà á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ ti ní orúkọ, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀."

"Orúkọ wo?"

"Èyí tí ẹ máa ń sọ tí ẹnu yín bá kún."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí èérún búrẹ́dì fi fẹ́ gbé e lọ́fun. Bí Ó Dùn Mọ́ Mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ya fọ́tò búrẹ́dì náà fúnra mi, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ní àárọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì le. Mo ya ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ òun ní àpá iná, kí n lọ wá ọwọ́ ọmọge kan yà. Mo ní àpá yẹn ni oníbàárà fẹ́ rí; ọwọ́ tí iná kò jó rí, kí ló mọ̀ nípa ààrò?

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé nígbà tó kan páálí, Ìyá Ẹ̀bùn ní Sharp-Sharp ni kó tẹ̀ ẹ́. Mo jiyàn. Ó ní, "Ọmọ ìjọ wa ni, Bọ́lá. Bí a ò bá jẹ́ kó tún un ṣe, níbo ló ti máa kọ́ ọ?" Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Sharp-Sharp.

Ẹ gbọ́ ìdí tí páálí fi ṣe pàtàkì. Alhaji kan wà, ará Èkó, tó ń bójú tó ilé àlejò tí ilé iṣẹ́ epo kan ní ní Effurun. Ó ti jẹ búrẹ́dì Ìyá Ẹ̀bùn lọ́wọ́ dírẹ́bà rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó máa gbé e wá láràárọ̀ fún àwọn àlejò òun. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé búrẹ́dì inú ọ̀rá síwájú àlejò; kó wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú páálí tó ní orúkọ. Bí ó bá gbà á, Ìyá Ẹ̀bùn yóò bọ́ lọ́wọ́ kíkiri Jakpa Road nínú oòrùn pẹ̀lú ọpọ́n lórí. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún. Dókítà ti sọ fún un pé kó yé ru ẹrù. Òun náà ti dáhùn pé bóyá dókítà ló máa wá bá òun rù ú. Ohun tó rọ̀ mọ́ páálí yẹn nìyẹn: orúnkún obìnrin kan.

A ṣì ń wo páálí lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Alhaji ni. Ìyá Ẹ̀bùn tẹ fóònù sí sípíkà kí èmi náà lè gbọ́.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ atẹ̀wé yín gbé páálí kan wá fún mi ní àná, ó ní kí n rí iṣẹ́ òun, bóyá èmi náà á fún òun ní iṣẹ́. Mo kà á, kò yé mi. Ọdún mi ni àbí kí ni? Ọdún wo, Iléyá tàbí Kérésì?"

"Alhaji, ẹ má bínú, kì í ṣe ọdún..."

"Èyí tí mo wá rò lẹ́yìn náà ló burú jù. Ó dùn mí! Ìyá Ẹ̀bùn, bí mo bá gbé ìyẹn síwájú ọ̀gá kan láti Èkó, tí inú wá run ún nítorí nǹkan mìíràn tó jẹ, ṣé kò ní gbé páálí sókè kó ní ṣebí wọ́n ti kìlọ̀ fún òun?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí páálí bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ìyá má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ṣọ́ọ̀bù Sharp-Sharp. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe páálí tó bàjẹ́ nìkan ló fi ṣe wá. Ó tún gbé ìbàjẹ́ náà lọ polówó ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn.

"Aunty Bola! You don see am? E fine, abi?"

"Where 'mọ́' dey?"

"Which mo?"

"Mọ́. Ó dùn mọ́ mi."

"Ah. That small one." Ó fọwọ́ nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀. "E no enter."

"E no enter where?"

"The line too long, Aunty. I come comot the small one for middle, make the big ones fit breathe. No be you teach me say design suppose breathe?"

Òótọ́ ni pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo rán an létí pé àwòrán ni mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kì í ṣe lẹ́tà. Àwa oníṣẹ́ máa ń sọ lẹ́tà di àwòrán kó má baà sí ẹni tí yóò lè fọwọ́ kàn án títí yóò fi di títẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò mọ́lẹ̀ tó lójú òun, òun bá tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"And those dots, Aunty, dem dey disturb my machine."

"You sabi wetin you write so? You write say e dey pain person."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Aunty, calm down. For Warri, who sabi? No be the same Yoruba?"

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi gún mi nídìí iṣẹ́ yìí. Èyí ni n kò gbàgbé. For Warri, who sabi. Ta ló mọ̀ ọ́n? Àwọn Ìlàjẹ tó wà létí omi láti ìgbà tí kò tíì sí òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró sí mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n ń fi èdè náà gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wa tí a ń bá sọ Yorùbá tí wọ́n ń fi "I don hear" dá wa lóhùn, àwọn náà ń gbọ́ ọ, a ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní gígé ẹsẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò gbóná tó. Ó dúró, ó gbọ́ tán, ó ní, "Sorry ma." Páálí mìíràn ńkọ́? Ó ní ẹ̀rọ òun ní láti sinmi, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo padà sí Ugborikoko pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ìyá Ẹ̀bùn kò bínú, ìyẹn sì tún bí mi nínú. Ó ń po ìyẹ̀fun.

Ó ní, "Ṣé a ò lè fi bírò kọ ọ́ sí i?"

Mo gbìyànjú. Ó rí bí ìgbà tí olùkọ́ bá fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ọmọ tó fèèlì. Ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ kọ lé ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀, ojú yóò máa kà á sí àṣìṣe, bó ti wù kó dára tó. Mo ju bírò sílẹ̀.

Ìyá Ẹ̀bùn ní, "Nígbà tí ìyá mi ń ta ẹja yíyan, kì í jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ kankan lọ sọ́jà tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Èyí tó bá ti wò, á so okùn pupa mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í béèrè iye ẹja. Okùn ni wọ́n máa ń béèrè."

"Á so ó mọ́ ọn," ni mo tún sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Á so ó mọ́ ọn."

A wo ara wa. Mọ́ náà ni! Ohun tí a bá ń so mọ́ nǹkan. Ẹ̀rọ Sharp-Sharp ti fi àyè sílẹ̀ láàárín DUN àti MI, nítorí "kó lè mí." Àyè náà gbòòrò tó òǹtẹ̀ kan.

Mo béèrè fún bàtà rọ́bà tó ti gbó àti abẹ tuntun. Ní yunifásítì, a lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti gbẹ́ lẹ́tà sára pákó ní òdì, kó lè jáde dáadáa bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. A máa ń ráhùn nígbà yẹn pé ta ló tún ń ṣe èyí láyé kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sán yẹn, lórí àpótí ní Ugborikoko, ọwọ́ mi rántí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ó tọ́ sí mi. M kì í yí padà bí a bá kọ ọ́ ní òdì, O náà kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí aláìmọ̀kan yóò fi rò pé iṣẹ́ rọrùn. Àmì ohùn ló ń yí. Ẹni tí kò bá ronú, yóò gbẹ́ mọ́, yóò sì tẹ mọ̀. Èmi ronú. Mo yí àmì náà sódì, mo yí lẹ́tà sódì, mo gbẹ́ wọn sára àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà náà, mo gé e tinrín. Ìyá Ẹ̀bùn po àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sínú kéèkì, ó ki. Mo fi òǹtẹ̀ kàn án, mo gbé e sórí páálí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú. Gbà!

Ó DÙN kọ́ ló wà níbẹ̀, O DUN ni, àmì rẹ̀ ṣì sọnù, ìyẹn náà wà lára ẹjọ́ mi. Ṣùgbọ́n MỌ́ dúró láàárín wọn, ó pupa, ó wọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, bí ẹni tó pẹ́ dé àpèjẹ ṣùgbọ́n tó jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ń retí. Ẹni tó bá rí i, kò sí bí kò ṣe ní ka gbogbo rẹ̀ dáadáa.

Mo fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìyá Ẹ̀bùn gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Rárá. Ó di ìgbà tí búrẹ́dì bá jáde, tí mo sì tọ́ ọ wò."

Ní Ọjọ́bọ̀, a gbé páálí síwájú Alhaji. Ó wọ jígí rẹ̀. Ó kà á. Ó bojú wò wá.

"Kí ló dé tí èyí àárín fi pupa, tó tún wọ́?"

Mo ti múra láti dáhùn, mo ní àlàyé púpọ̀ nípa àwọ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ló ṣáájú mi.

"Alhaji, èyí tó kù, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. 'Mọ́', èmi ni. Bí n kò bá tọ́ ọ wò, n kì í tẹ̀ ẹ́."

Alhaji bu búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn, ó ní òun ń wò ó bóyá ti àkọ́kọ́ ló tan òun. Nígbà tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí gan-an ló sọ, tòun ti àárín rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọpọ́n ti kúrò lórí Ìyá Ẹ̀bùn.

Orí ojú ewé tuntun tí mo ṣe fún un ni òkìkí ti kàn. Mo ya fídíò rẹ̀: ó bu búrẹ́dì, ó di ojú, ó jẹun, gbogbo ayé dúró, lẹ́yìn náà òǹtẹ̀ dún gbà! N kò fi orin sí i. Mo ti rí i pé ohun tí àwọn èèyàn ń dúró dè ni ìró yẹn. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Mama, mọ́ am!" Nígbà tí búrẹ́dì bá tán, a máa ń kọ "Kò sí mọ́" síbẹ̀; àwọn Yorùbá á máa rẹ́rìn-ín, wọn á sì máa ṣàlàyé fún àwọn yòókù pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ méjì. Èmi ni mo ronú ìyẹn. Mo fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀.

Mo fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ nítorí Sharp-Sharp. Kò pẹ́ tí mo fi rí fọ́tò páálí wa lórí ojú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa, tó kọ síbẹ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín kí iṣẹ́ náà lè jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. Mo pè é.

"Aunty, no vex now. Na collabo."

"Collabo? Ìwọ yọ ọ́, èmi dá a padà, ìyẹn ni iṣẹ́ àjọṣe?"

"Ehen! If I no comot am, you for put am back?"

N kò tíì dáríjì í. Ìyá Ẹ̀bùn ti dáríjì í, ó sì fún un ní búrẹ́dì lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wọn. Ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà tó yá, mo tẹ páálí tuntun níbòmíràn, orúkọ pé pérépéré, gbogbo àmì wà níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn kò gbà á. Ó ní kí n yọ MỌ́ kúrò, kí n fi àyè sílẹ̀ fún un. Èmi tí mo bá atẹ̀wé jà nítorí ó yọ ọ́, èmi náà ni mo tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́.

Ó sì ní ọjọ́ kan tí mo wá lóye ohun tó ń ṣe. Wọ́n ta ìyẹ̀fun tí kò dára fún un. Búrẹ́dì jáde, ó pọ́n, ó rẹwà, mo ti gbé kámẹ́rà sókè. Ó bu ú, ó jẹ ẹ́, ó di ojú. Kò la ẹnu. Mo dúró. Kò la ẹnu. Fóònù dún, Alhaji ni, àwọn àlejò ti jókòó.

"Alhaji, kò sí lónìí. Ó kan díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀! Wọn ò ní mọ̀. Ẹ ṣáà tẹ òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ gbé e wá."

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, irọ́ ni mo tẹ̀."

Alhaji bínú. Ó ní kò sí ẹni tó ń ṣe òwò bẹ́ẹ̀, ó sì pa fóònù. Mo ń rí ọpọ́n yẹn tó ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀. Òun mú páálí òfìfo kan, tí kò ní òǹtẹ̀, ó gbé e síwájú kámẹ́rà mi. "Ya èyí," ló wí. Ó DÙN MI, bó ṣe kúrò nínú ẹ̀rọ gẹ́lẹ́. Mo gbé e sórí ojú ewé láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Kò sí ẹni tí kò yé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, dírẹ́bà Alhaji ló wà lẹ́nu géètì, ó ní ọ̀gá òun ní kí wọ́n máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí mo bá wọn gbé búrẹ́dì lọ sí ilé àlejò fúnra mi, nítorí ọmọ tó máa ń gbé e lọ ń ṣe ìdánwò. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú páálí tó tò léra wọn. Ẹ̀ṣọ́ géètì, ọmọ Urhobo kan tó sanra, dá mi dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ páálí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀kan, ó yà á sọ́tọ̀.

"Aunty, this one no get mọ́."

Mo wò ó. Òótọ́ ni, nínú ìkánjú, wọ́n ti fo ọ̀kan.

Mo ní, "Oga, na the same oven. Na mistake. I be the person wey do the design sef."

"No wahala, ma. But if mọ́ no dey, e no go enter."

Ó pè é dáadáa. Kò pè é ní "mo" bí Sharp-Sharp. Ohùn òkè ni, ó gùn ún gan-an, ọkùnrin tí kò gbọ́ gbólóhùn Yorùbá mìíràn. Mo dúró nínú oòrùn Effurun, mo wá ẹ̀sùn tí n ó fi kàn án, èmi tí n kì í wá ẹ̀sùn tì. N kò rí ọ̀kan. E no go enter. Gbólóhùn tí wọ́n fi lé e kúrò lára páálí náà ni wọ́n wá fi ń ṣọ́nà fún un.

Mo gbé páálí yẹn padà sínú kẹ̀kẹ́, mo gbé e lé itan mi títí dé Ugborikoko. Ó dùn mọ́ mi.